Bí a ṣe ń ṣe àtúnṣe fọ́tò: ìtọ́sọ́nà fún ayàwòrán tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn

Bí ẹ bá ya ìyá ìyàwó lábẹ́ kánópì búlúù ní Bódìjà lọ́sàn-án Sátidé, ojú yín á rí i pé awọ màmá dúdú dáadáa, ó sì ń dán. Ẹ délé, ẹ ṣí fọ́tò náà lórí kọ̀ǹpútà, ojú màmá ti gba àwọ̀ aró, léèsì funfun tí wọ́n wọ̀ sì ti di búlúù fẹ́ẹ́rẹ́. Kò sí ohun tó ṣe kámẹ́rà. Ìmọ́lẹ̀ tó gba inú tapólì búlúù kọjá ni kámẹ́rà rí, òun náà ló sì kọ sílẹ̀. Ọpọlọ ènìyàn máa ń bá ojú yọ irú àwọ̀ bẹ́ẹ̀ kúrò láìjẹ́ pé a mọ̀. Kámẹ́rà kì í bá ẹnikẹ́ni yọ ọ́. Iṣẹ́ àtúnṣe fọ́tò, tí ọ̀pọ̀ ń pè ní ẹ́díìtì, ni láti dá fọ́tò padà sí ohun tí ojú rí níbẹ̀. Ẹni tó bá di èyí mú yóò mọ ìgbà tó yẹ kó dáwọ́ dúró, nítorí àṣejù ló ń ba fọ́tò àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ jẹ́ ju àìmọ̀ lọ.

Iṣẹ́ náà ní ètò: ẹ kó fọ́tò sí kọ̀ǹpútà, ẹ ṣà wọ́n, ẹ tọ́ àwọ̀ ìmọ́lẹ̀, ẹ tọ́ ìmọ́lẹ̀ fúnra rẹ̀, kí ẹ tó kan aṣọ, awọ ara, gígé àti gbígbé jáde. Ẹ má ṣe dà á rú. Ẹni tó bá kọ́kọ́ ṣe awọ ojú kó tó tọ́ àwọ̀ ìmọ́lẹ̀ yóò tún awọ ojú náà ṣe lẹ́ẹ̀kejì.

Irinṣẹ́

Fóònù tó láti fi bẹ̀rẹ̀. Snapseed tí Google ṣe jẹ́ ọ̀fẹ́, ó sì ń ṣí fáìlì RAW (fáìlì tí kámẹ́rà kò tíì ṣe àtúnṣe sí) tó bá jẹ́ irú èyí tí wọ́n ń pè ní DNG. Lórí kọ̀ǹpútà, darktable àti RawTherapee jẹ́ ọ̀fẹ́, wọ́n sì ń ṣiṣẹ́ lórí Windows, Mac àti Linux. Lightroom Classic ni ọ̀pọ̀ ayàwòrán òde ń lò, owó oṣooṣù sì ni wọ́n ń san lórí rẹ̀. Ẹ jìnnà sí èyí tí wọ́n ti já kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ tí wọ́n ń fi sínú flash kiri: kòkòrò kọ̀ǹpútà sábà máa ń bá a wọlé, fọ́tò oníbàárà ló sì kọ́kọ́ ń bá a lọ. Orúkọ tí Lightroom ń pe nǹkan ni a ó lò nínú ìtọ́sọ́nà yìí. Ní Snapseed, púpọ̀ nínú wọn wà lábẹ́ Tune Image àti White Balance (ibi tí a ti ń tọ́ àwọ̀ ìmọ́lẹ̀). Orúkọ lè yàtọ̀ nínú darktable, ètò iṣẹ́ kò yàtọ̀.

Kọ̀ǹpútà tó ní RAM 8GB yóò ṣiṣẹ́, 16GB yóò jẹ́ kí ara tù yín. SSD sàn ju hard drive àtijọ́ lọ fíìfíì.

Ojú kọ̀ǹpútà ni kí ẹ fara balẹ̀ sí jù. Bí ojú kọ̀ǹpútà bá mọ́lẹ̀ jù, fọ́tò yóò dà bí ẹni pé ó ti mọ́lẹ̀ tó, ẹ ó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, tí ẹ bá wá lọ fọ̀ ọ́, yóò jáde ní dúdú kirikiri. Ẹjọ́ àwọn tó ń fọ fọ́tò kọ́ ni lọ́pọ̀ ìgbà. Ẹ mú bébà A4 funfun kan, ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú kọ̀ǹpútà nínú yàrá tí ẹ ti ń ṣiṣẹ́, kí ẹ sì ṣí ojú ewé funfun kan. Ẹ dín ìmọ́lẹ̀ kọ̀ǹpútà kù títí méjèèjì yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Ẹ pa Night Light tàbí Night Shift, nítorí ó ń fi àwọ̀ ìyeyè sí gbogbo nǹkan. Ẹ má jókòó síbi tí oòrùn ti ń gba fèrèsé bọ́ sórí kọ̀ǹpútà, tàbí nínú yàrá tí wọ́n kùn ní pupa tàbí ní àwọ̀ ewé tó gbóná.

Èyí tó tún kàn wá níbí ni ọ̀rọ̀ iná. Bí iná bá lọ, ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù máa ń dín ìmọ́lẹ̀ ojú rẹ̀ kù fúnra rẹ̀ kí bátìrì lè pẹ́. Ẹ̀yin ò ní fura. Fọ́tò tí ẹ bá ṣe lẹ́yìn ìgbà náà, ẹ ó tan ìmọ́lẹ̀ sí i ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ìdajì álíbọ́ọ̀mù yóò sì yàtọ̀ sí ìdajì kejì. Ẹ wọ inú ètò bátìrì kọ̀ǹpútà, kí ẹ pa àṣẹ tó ń dín ìmọ́lẹ̀ kù náà, kí ẹ sì fi ìmọ́lẹ̀ sí ojú kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin iṣẹ́.

Láti inú kámẹ́rà ni àtúnṣe ti bẹ̀rẹ̀

Ẹ yí kámẹ́rà sí RAW, tàbí RAW pẹ̀lú JPEG (fáìlì fọ́tò tí kámẹ́rà ti ṣe tán). Fáìlì JPEG ní ìpele 256 péré fún pupa, 256 fún àwọ̀ ewé, 256 fún búlúù. RAW oní-bit 12 ní ìpele 4,096 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, oní-bit 14 ní 16,384. Ibẹ̀ ni àyè àtúnṣe ti ń wá. Nínú JPEG, kámẹ́rà ti fi àwọ̀ ìmọ́lẹ̀ tó yàn sínú fọ́tò bí aró ṣe ń mu aṣọ; ẹ lè fọ̀ ọ́ díẹ̀, kò lè kúrò tán. Nínú RAW, ẹ̀yin ni ẹ ó pinnu. Ohun tí ẹ ó fi san án ni àyè: RAW láti inú kámẹ́rà megapíksẹ́lì 24 máa ń tó 25MB sí 30MB lẹ́yọ kan, nítorí náà 1,000 fọ́tò yóò gbà tó 30GB. Ẹ mú mẹ́mórì káàdì 64GB méjì dání dípò ẹyọ 128GB kan. Bí ọ̀kan bá bàjẹ́, òde náà kò ní parẹ́ tán.

Ẹ ra káàdì aláwọ̀ eérú tí àwọn ayàwòrán ń lò. Kò wọ́n, ó sì ń gba iṣẹ́ wákàtí lọ́wọ́ yín. Ẹ jẹ́ kí ẹni tí ẹ fẹ́ yà gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú, ẹ ya ẹyọ kan, kí ẹ tó máa bá iṣẹ́ lọ. Bí ẹ bá kúrò lábẹ́ kánópì bọ́ sínú oòrùn, ẹ tún un yà. Bí ẹ bá wọ inú gbọ̀ngàn, ẹ tún un yà.

Kí ẹ tún tan àmì ìkìlọ̀ ìmọ́lẹ̀ kámẹ́rà, èyí tó máa ń ṣẹ́jú dúdú-funfun síbi tí ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù. Bí léèsì funfun bá ń ṣẹ́jú, ẹ dín ìmọ́lẹ̀ kù. Ibi tó ti funfun pátápátá kò ní ìlà òwú kankan mọ́ nínú fáìlì, kò sì sí àtúnṣe tó lè dá ohun tí kò sí padà. Ibi tó ṣókùnkùn díẹ̀ ṣì ṣeé gbé sókè.

Kíkó wọlé àti ṣíṣà

Ẹ lo card reader. Ẹ yan Copy, ẹ má yan Cut láé: bí iná bá lọ nígbà tí Cut ń ṣiṣẹ́, fọ́tò lè má sí nínú káàdì mọ́, kó má sì tíì dé kọ̀ǹpútà. Ẹ fi ọdún ṣíwájú nínú orúkọ àpò fáìlì, bíi 2025-11-22_Bodija_Igbeyawo, kí wọ́n lè tò tẹ̀ léra wọn fúnra wọn. Ẹ ṣe ẹ̀dà kejì sí hard drive ìta lọ́jọ́ náà gan-an, kó tó di pé ẹ sùn.

Nínú Lightroom, ẹ yan Add nígbà tí ẹ bá ń kó fọ́tò wọlé, nítorí ẹ ti kó wọn síbi tó yẹ tẹ́lẹ̀. Láti ìgbà náà lọ, ẹ má lọ gbé àpò fáìlì náà kúrò lẹ́yìn Lightroom. Ibi tí fọ́tò wà nìkan ni Lightroom ń rántí, kò gbé fọ́tò fúnra rẹ̀ sínú ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀. Ẹ bá gbé e, àmì ìbéèrè ni yóò máa fi hàn yín.

Ṣíṣà yá tí ẹ bá ń lo bọ́tìnì: P fún èyí tí ẹ mú, X fún èyí tí ẹ kọ̀, Z láti sún mọ́ ojú. Ẹ kọ́kọ́ kọ àwọn tó ṣú, àwọn tí wọ́n di ojú, àwọn tí ẹnìkan gba iwájú wọn kọjá. Nínú fọ́tò ẹbí, ẹ sún mọ́ ojú gbogbo ènìyàn lọ́kọ̀ọ̀kan, kì í ṣe ti ìyàwó nìkan. Ẹ̀gbọ́n bàbá tó di ojú yóò wá ara rẹ̀ kiri nínú fọ́tò náà. Lẹ́yìn èyí, nínú márùn-ún tó jọra, ẹ mú ẹyọ kan. Nínú 800 fọ́tò òde kan, 150 sí 200 tó dára ló tọ́ sí oníbàárà.

Àwọ̀ ìmọ́lẹ̀

Ìmọ́lẹ̀ ní àwọ̀ tirẹ̀, Kelvin ni wọ́n sì fi ń wọ̀n ọ́n. Gílóòbù ìyeyè inú ilé tó 2,700K sí 3,200K, oòrùn ọ̀sán tó 5,500K, ojú ọ̀run tó ṣú tó 6,500K, abẹ́ igi tàbí ẹ̀yìn ilé níbi tí oòrùn kò dé tó 7,500K. Bí ẹ bá fi nọ́ńbà tó bá ibẹ̀ mu sínú Temp (èyí tó ń fa àwọ̀ fọ́tò láàárín búlúù àti ìyeyè), àwọ̀ yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ tọ́.

Ẹ tẹ W, ẹ fi ohun tó jáde tẹ orí káàdì eérú nínú fọ́tò tí ẹ fi yà á. Temp àti Tint (èyí tó ń fà á láàárín àwọ̀ ewé àti elésè àlùkò) yóò tọ́ ara wọn. Ẹ wá mú gbogbo fọ́tò tí ẹ yà lábẹ́ ìmọ́lẹ̀ kan náà, ẹ tẹ Sync (ó ń gbé àtúnṣe fọ́tò kan sórí àwọn yòókù), kí ẹ yan White Balance nìkan.

Bí kò bá sí káàdì, ẹ wá ohun tó ní àwọ̀ eérú gidi: sìmẹ́ǹtì tí wọn kò kùn, tàbí irin tí kò dán. Ẹ má tẹ̀ ẹ́ sórí léèsì. Ọ̀pọ̀ léèsì tí a ń pè ní funfun ní àwọ̀ wàrà nínú, àwọn mìíràn ní èròjà tó ń mú kí wọ́n ràn sí búlúù, awọ ojú ni yóò sì san án. Ẹ má tẹ̀ ẹ́ sórí ẹyinjú náà, nítorí funfun ojú ènìyàn kì í ṣe funfun.

Ẹ fi awọ ara yẹ iṣẹ́ yín wò. Bí ẹ bá gbé atọ́ka sórí ẹ̀rẹ̀kẹ́, Lightroom yóò fi nọ́ńbà mẹ́ta hàn lábẹ́ histogram, àwòrán òkè kékeré tó wà lókè: R (pupa), G (àwọ̀ ewé), B (búlúù). Bí ènìyàn ṣe dúdú tó, bó ṣe pupa tó, R ló gbọ́dọ̀ pọ̀ jù, kí G tẹ̀ lé e, kí B kéré jù. Bí B bá ga ju G lọ, búlúù tàbí elésè àlùkò ṣì wà níbẹ̀. Ẹ fa Temp sọ́tùn-ún. Bí G bá fẹ́ bá R dọ́gba, àwọ̀ ewé ló wà níbẹ̀; ẹ fa Tint sọ́tùn-ún. Ẹ fi bíńtín bíńtín fà á.

Kánópì ni yóò fún yín níṣẹ́ jù. Ti búlúù ṣeé tọ́ pẹ̀lú Temp. Ti pupa le díẹ̀: ẹ fa Temp sósì, ẹ fa Tint sósì díẹ̀, kí ẹ wá wọ inú HSL (ibi tí a ti ń tọ́ àwọ̀ kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀) kí ẹ dín Saturation (bí àwọ̀ ṣe gbóná tó) pupa kù ní 10 sí 20. Bí ẹni tí ẹ yà bá wà lábẹ́ kánópì tí ẹ̀yìn rẹ̀ sì wà nínú oòrùn, ìmọ́lẹ̀ méjì ló wà nínú fọ́tò kan. Nọ́ńbà kan kò lè tọ́ méjèèjì. Ẹ tọ́ gbogbo fọ́tò fún ti oòrùn, ẹ wá lo Mask (ó ń mú apá kan fọ́tò nìkan fún àtúnṣe), Select Subject, kí ẹ tọ́ Temp ti ẹni náà nìkan.

Iná LED elésè àlùkò tí wọ́n máa ń tàn sí orí ìyàwó àti ọkọ nínú gbọ̀ngàn kò ṣeé tọ́. Ìmọ́lẹ̀ yẹn kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ní àwọ̀ ewé àti ìyeyè nínú rárá, nítorí náà kò sí ohun tí Temp yóò fà jáde. Ẹ tẹ V kí ẹ sọ fọ́tò náà di dúdú àti funfun. Yóò lẹ́wà, a ó sì rí ojú wọn. Nígbà mìíràn, ẹ fi fíláàṣì yà á.

Ìmọ́lẹ̀

Histogram ni àwòrán òkè kékeré tó wà lókè lápá ọ̀tún. Apá òsì rẹ̀ ni òkùnkùn, apá ọ̀tún ni ìmọ́lẹ̀. Bí ó bá gun ògiri ọ̀tún, funfun ti sọnù níbìkan. Bí ó bá gun ògiri òsì, dúdú ti sọnù. Ẹ má gbìyànjú láti kó o sí àárín. Fọ́tò bàbá dúdú nínú agbádá dúdú níwájú ògiri tó ṣókùnkùn yẹ kó wà lápá òsì, ibẹ̀ ni ibùgbé rẹ̀. Ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀ inú kámẹ́rà máa ń rò pé eérú ni gbogbo nǹkan, nítorí náà ó ń mú léèsì funfun ṣókùnkùn, ó sì ń mú agbádá dúdú di eérú.

Ẹ tò ó báyìí. Ẹ kọ́kọ́ fi Exposure (ìmọ́lẹ̀ gbogbo fọ́tò) tọ́ ojú ènìyàn, ẹ má wo ẹ̀yìn rẹ̀; +1.00 sọ ìmọ́lẹ̀ di ìlọ́po méjì, nítorí náà +0.30 sí +0.70 ló sábà máa ń tó. Lẹ́yìn náà, Highlights (ibi tó mọ́lẹ̀) sí −40 títí dé −70 kí iṣẹ́ ọwọ́ inú léèsì lè hàn. Shadows (ibi tó ṣókùnkùn) sí +20 títí dé +40 kí irun àti agbo gèlè lè yọ. Ẹ má kọjá +60, nítorí dúdú yóò di eérú, hóró hóró yóò sì kún ibẹ̀. Lẹ́yìn náà ẹ di Alt mú, ẹ fa Whites (ibi tó funfun jù): gbogbo fọ́tò yóò di dúdú, ibi tó bá kọ́kọ́ yọ àmì ni ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń sọnù, ẹ fà á padà díẹ̀. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún Blacks (ibi tó dúdú jù), kí ẹ jẹ́ kí dúdú díẹ̀ wà níbẹ̀. Fọ́tò tí kò ní dúdú gidi kankan máa ń rẹ̀ lójú.

Awọ dúdú ni kí ẹ ṣọ́ níbí. Àṣà burúkú kan ti wọlé: àwọn kan ń fa Exposure títí ẹni tó dúdú yóò fi di pupa. Ìyẹn kì í ṣe àtúnṣe, irọ́ ni, ẹni náà yóò sì mọ̀ pé òun kọ́ nìyẹn. Ohun tó ń jẹ́ kí awọ dúdú dára nínú fọ́tò ni dídán orí ẹ̀rẹ̀kẹ́, iwájú orí àti imú, kì í ṣe pé kí gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ibi tó ń dán náà wà. Bí fíláàṣì bá ti sọ ọ́ di funfun bíi gíláàsì níwájú orí, ẹ fi Brush (búrọ́ọ̀ṣì inú Mask) kun ibẹ̀ nìkan, kí ẹ fa Highlights sí −30. Ẹ má pa á rẹ́.

Aṣọ

Ẹ lo Vibrance kí ẹ tó ronú Saturation. Vibrance ń gbé àwọ̀ tó rẹ̀ sókè, ó sì ń dá awọ ara sí; Saturation ń gbé gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Àǹkárá ti gbóná tẹ́lẹ̀, Vibrance +10 ti tó o, Saturation kò pọn dandan.

Gèlè pupa máa ń di odindi pupa kan tí agbo rẹ̀ kò hàn. Ìdí ni pé àwọ̀ pupa nìkan ló ti kún dé òkè nígbà tí ewé àti búlúù ṣì kéré. Ẹ wọ HSL, ẹ dín Saturation pupa kù ní 15, Luminance rẹ̀ (bó ṣe mọ́lẹ̀ tó) ní 5 sí 10, agbo yóò padà. Ti àdìrẹ rọrùn: ẹ fa Luminance búlúù sí −10, aró yóò jinlẹ̀. Aṣọ òkè tó ní òwú tó ń dán, irú èyí tí wọ́n ń tà ní Ọjà Ọjẹ́, ẹ fi Mask mú un, kí ẹ fi Texture (ìlà wínníwínní ojú nǹkan) +20 sí i.

Ẹ rántí pé ènìyàn mélòó kan ló ra aṣọ ẹbí kan náà, wọ́n sì mọ àwọ̀ tí wọ́n ra ní Gbági. Bí ó bá jẹ́ elésè àlùkò nínú fọ́tò kìíní, tó di píǹkì nínú ìkẹta, wọn yóò bi yín. Ẹ ṣe ẹyọ kan dé ibi tó tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ Sync mọ́ àwọn tó kù.

Àwọ̀ ọsàn, Orange, nínú HSL ni ilé awọ ara wa, pẹ̀lú díẹ̀ nínú pupa. Ẹ má fa a ju 10 lọ sókè tàbí sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ ṣe ní láti ṣọ́ra fún preset (àtúnṣe tí ẹlòmíràn ti tò sílẹ̀) tí wọ́n ń tà lórí íntánẹ́ẹ̀tì: ọ̀pọ̀ nínú wọn ni wọ́n tọ́ lórí awọ òyìnbó, bí ẹ bá sì fi wọ́n sórí awọ dúdú, ojú yóò di ọsàn tàbí eérú.

Nínú ọgbà Agodi tàbí ibikíbi tí koríko ti pọ̀, ewé máa ń tan àwọ̀ rẹ̀ sí abẹ́ àgbọ̀n àti ọrùn. Ẹ fi Brush kun ibẹ̀, Tint +10.

Awọ ojú

Ìlànà kan ló wà: ohun tí yóò ti kúrò lójú ẹni náà láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ lè yọ ọ́. Rorẹ́, ibi tí ẹ̀fọn jẹ, eruku, àtíkè tó dà sórí aṣọ. Ohun tó jẹ́ ti ara rẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀ àfi tó bá fẹnu ara rẹ̀ sọ pé kí ẹ yọ ọ́: àmì ìbí, àpá, èjí. Ilà ojú wà lókè àkọ́kọ́ nínú wọn. Àwọn áàpù fóònù tó ń mú awọ jọ̀lọ̀ fúnra wọn máa ń rò pé àbùkù ni àbàjà, pélé tàbí gọ̀m̀bọ́, wọ́n á sì nù ún kúrò. Bàbá tó gbé ilà ìdílé rẹ̀ láti kékeré kò gbọ́dọ̀ gba fọ́tò tí ilà náà ti parẹ́. Nítorí náà, ẹ má lo bọ́tìnì tó ń ṣe gbogbo ojú lẹ́ẹ̀kan náà.

Ẹ sún mọ́ ojú dé 100%. Ẹ mú Heal (ó ń fi awọ ibòmíràn bo àbùkù), kí brush tóbi ju rorẹ́ lọ díẹ̀. Ẹ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ẹ má fà á. Bí ibi tí Heal ti mú awọ wá bá wà lápá òkùnkùn nígbà tí rorẹ́ wà lápá ìmọ́lẹ̀, àbàwọ́n yóò yọ; ẹ gbé ibi ìmúwá náà lọ sí awọ tó ní ìmọ́lẹ̀ kan náà.

Tí awọ bá ṣì rí ṣákaṣàka, Mask, Select People, Face Skin, Texture −10 sí −20, Clarity (bí ìlà ṣe yọ tó) −5. Ẹ padà sí ìwọ̀n tí gbogbo fọ́tò fi hàn, kí ẹ wò ó. Bí ẹ kò bá rí ihò ara kankan mọ́ ní 100%, ẹ ti ṣe é jù. Funfun ojú: Exposure +0.20. Eyín: Saturation −20, ẹ má sọ ọ́ di bébà.

Gígé, àti gèlè

Ẹ tẹ R. Ẹ kọ́kọ́ tọ́ èyí tó bá wọ́, ilẹ̀ tàbí òpó. Fọ́tò gbọ̀ngàn Mápó máa ń tètè tú yín fó, nítorí òpó rẹ̀ yóò dúró bí ẹni tó fẹ́ ṣubú bí ẹ bá ya láti ìsàlẹ̀. Upright, Vertical, yóò gbé e dúró.

Ọ̀pọ̀ kámẹ́rà ń ya 3:2 (bí gígùn bá jẹ́ 3, fífẹ̀ á jẹ́ 2). Férémù 8×10 kì í ṣe 3:2. Bí ẹ bá fọ fọ́tò tó kún férémù kámẹ́rà sí 8×10, íǹṣì méjì ni wọn yóò gé kúrò nínú gígùn 12 rẹ̀, gèlè ló sì sábà máa ń bá a lọ. Ẹ fi àyè sílẹ̀ lókè gèlè láti ìgbà tí ẹ bá ń yà á, ẹ bi oníbàárà léèrè ìwọ̀n férémù kí ẹ tó gé, kí ẹ ṣe ẹ̀dà fún ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan.

Fọ́tò ìlú nígbà ọyẹ́

Bí ẹ bá fẹ́ fi fọ́tò ìlú kọ́ṣẹ́, ẹ gun Láyípo ní Òkè Ààrẹ, ilé gogoro tí wọ́n kọ́ ní 1936. Páànù ìpẹtà Ìbàdàn yóò tẹ́ lọ níwájú yín. Nígbà ọyẹ́, eruku yóò bò ó, gbogbo rẹ̀ á di eérú. Dehaze +15 sí +25 yóò ṣí i. Ó ń mú fọ́tò ṣókùnkùn, nítorí náà ẹ fi Exposure +0.20 lé e. Ẹ fi Temp gbé páànù náà sí ìgbóná díẹ̀, 300K péré. Bí ènìyàn bá wà níwájú, ẹ fi Mask fi Dehaze sí ẹ̀yìn rẹ̀ nìkan. Lójú ènìyàn, Dehaze ń yọ gbogbo ìlà, ó sì ń sọ awọ di pupa.

Mímú ojú fọ́tò

Lightroom ti fi Sharpening 40 sí RAW. Ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ di Alt mú, kí ẹ fa Masking sí 60 títí dé 80: ibi tó funfun ni yóò mú, ibi tó dúdú ni yóò dá sí. Ìpéǹpéjú, ètè àti etí gèlè ni kó wà ní funfun, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ní dúdú. Bí ẹ bá fi ISO 3200 (bí kámẹ́rà ṣe ń gba ìmọ́lẹ̀ tó) yà nínú gbọ̀ngàn, Luminance noise, tó ń dín hóró hóró kù, 15 sí 30 ti tó. Ju bẹ́ẹ̀ lọ, ojú á dà bí ọ̀dà. Fọ́tò tí kámẹ́rà kò mú ojú rẹ̀ dáadáa kò sí Sharpening tó lè mú un.

Gbígbé jáde

Ẹ lo sRGB (ètò àwọ̀ tí ọ̀pọ̀ fóònù àti kọ̀ǹpútà ń lò) fún gbogbo rẹ̀, àfi tí àwọn tó ń fọ fọ́tò bá ní kí ẹ fi òmíràn ránṣẹ́. Fún Instagram, fífẹ̀ 1,080 píksẹ́lì. Fún Facebook, ẹ̀gbẹ́ gígùn 2,048. JPEG Quality 80. Fún fífọ̀, Quality 100, píksẹ́lì 300 fún íǹṣì kan: 5×7 nílò 1,500×2,100, 8×10 nílò 2,400×3,000, 12×18 nílò 3,600×5,400.

WhatsApp ń fún fọ́tò pọ̀ tí ẹ bá fi í ránṣẹ́ bí fọ́tò. Ẹ fi í ránṣẹ́ bíi Document. Ẹ sọ fún oníbàárà pé kó má ṣe mú èyí tó wà lórí status lọ fọ̀.

Kí ẹ tó fọ álíbọ́ọ̀mù kan, ẹ fọ fọ́tò márùn-ún ní 4×6: ọ̀kan tó ní awọ dúdú, ọ̀kan tó pupa, ọ̀kan tó ní léèsì funfun, ọ̀kan inú gbọ̀ngàn, ọ̀kan inú oòrùn. Ẹ gbé wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ǹpútà ní ojúmọmọ. Bí gbogbo wọn bá ṣókùnkùn bákan náà, ojú kọ̀ǹpútà yín ló mọ́lẹ̀ jù; ẹ dín in kù, ẹ tún wọn ṣe. Bí ó bá jẹ́ àwọ̀ ló yàtọ̀, ẹ bi ibi tí wọ́n ti fọ̀ ọ́ bóyá ẹ̀rọ wọn ń tún àwọ̀ ṣe fúnra rẹ̀, kí ẹ ní kí wọ́n pa á fún iṣẹ́ yín.

Fún ìdánrawò, ẹ mú fọ́tò mẹ́wàá tó yàtọ̀ síra, ẹ ṣe wọ́n lónìí. Lọ́la, ẹ ṣe ẹ̀dà tuntun pẹ̀lú Ctrl àti ', kí ẹ tún wọn ṣe láìwo ti àná. Lọ́jọ́ kẹta, ẹ gbé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ibi tí wọ́n ti yàtọ̀ gan-an ni ibi tí ojú yín kò tíì dúró, ibẹ̀ ni kí ẹ máa fi ṣe ìdánrawò. Bọ́tìnì \ yóò máa fi bí fọ́tò ṣe rí kí ẹ tó fọwọ́ kàn án hàn yín. Ẹ máa tẹ̀ ẹ́ léraléra.

Mẹ́mórì káàdì ni ẹ ó fọwọ́ kàn kẹ́yìn. Ẹ má nù ún kí ẹ tó rí ẹ̀dà méjì níbi méjì, kí ẹ sì ti ṣí fọ́tò bíi mẹ́wàá nínú ẹ̀dà kejì kí ẹ rí i pé wọ́n ṣí. Ìgbà náà ni kí ẹ fi Format inú kámẹ́rà nù ún, ẹ má ṣe é lórí kọ̀ǹpútà.